Ṣé àlàáfíà nìkan la ní? Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí

Àbẹ̀kẹ́_Ògbufọ̀:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà ràìn lọ́kàn mi láti ọjọ́ mẹ́ta, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ oríṣiríṣi èdè pọ̀ níbí.

Ọmọ àbúrò màmá mi kan wà, òkè òkun ni wọ́n bí i sí, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Òun àti ẹ̀gbọ́n màmá wa kan, tá à ń pè ní Màmá, bára wọn jà, ọdún kẹrin rèé tí wọn ò sọ̀rọ̀ síra wọn (ẹjọ́ yẹn gùn, mi ò ní rò ó síbí). Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun pe Màmá lórí fóònù, kóun máa sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì kí n máa túmọ̀. Ó ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó kọ ọ́ sínú bébà, mo ń gbọ́ bí bébà yẹn ṣe ń dún lọ́wọ́ ẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó sọ ni pé píìsì (peace) lòun ń fẹ́ láàárín òun àti Màmá. Èmi náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ní "Màmá, ó ní àlàáfíà lòun ń wá o." Màmá dákẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá figbe ta, "Yéè! Kí ló ṣe é? Ṣé ara ẹ̀ ò yá ni? Láti ìgbà wo?"

Mo ní rárá mà, ara ẹ̀ le, ohun tó ń sọ ni pé... nígbà tí mo fi máa ṣàlàyé tán ọmọ yẹn ti ń bi mí pé kí ló dé tí Màmá fi ń pariwo, ṣé wọn ò gbà ni, ọkàn ẹ̀ ti dàrú, ló bá ká bébà ẹ̀, ó ní ká fi í sílẹ̀ dìgbà míì.

Ó dùn mí dénú torí ẹnu mi lọ̀rọ̀ yẹn ti bà jẹ́. Ìbéèrè mi wá rèé. Ṣé ìlera ni àlàáfíà àbí àìsí ìjà? Ẹnì kan tún sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an kì í ṣe tiwa, pé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ló ti wá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí làwọn baba wa ń sọ kó tó dé? Àwọn èdè yòókù ńkọ́, ṣé ohun kan náà ni gbogbo wọn ní lọ́kàn? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n lọ wò ó lórí Google, mo ti wò ó, àlàáfíà náà ló ń gbé jáde.

ọmọ_álífà:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, Màmá ò ṣì yín gbọ́ rárá, bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wà láti ìpilẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Al-ʿāfiya ni ní Lárúbáwá, ìlera ni, kí ara le, kí aburú jìnnà síni. "Al" iwájú yẹn kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ tiwọn, àmì tí wọ́n fi ń tọ́ka sí nǹkan pàtó ni, àwa la gbé gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Àwọn Haúsá náà yá a, tiwọn di lafiya, òun ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn, "kana lafiya?", bí àwa náà ṣe ń ní "ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ìlú ò jà, wọ́n á fi nǹkan kún un, wọ́n á ní zaman lafiya, zama yẹn ni ìjókòó tàbí gbígbé, ìyẹn ni pé à ń gbé pọ̀ tara wa sì le. Torí náà ìlera ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ti ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ẹ̀ ni.

Àwọn Lárúbáwá fúnra wọn kì í fi ʿāfiya pe píìsì. Salām ni tiwọn, èyí tó wà nínú kíkí, gbòǹgbò ẹ̀ s-l-m náà ni Islām àti Muslim ti jáde. Tó bá jẹ́ pé èèyàn méjì jà tí wọ́n fẹ́ parí ẹ̀, ṣulḥ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Amān tún wà, ìyẹn ni kí ẹ̀rù má ba èèyàn, ibẹ̀ làwọn Swahili ti rí amani tiwọn. Ẹ ò rí i bí, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì kó sábẹ́ orúkọ kan. Ọmọ yẹn, ṣulḥ ló ń wá, ẹ bá a fi ʿāfiya jíṣẹ́.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Ní Lẹ́bánọ́nì àti Síríà, tí wọ́n bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kí Ọlọ́run fún un ní ʿāfiya, àdúrà gidi ni. Gbé àdúrà yẹn dé Mòrókò, ojú ẹni tó gbọ́ ọ lè le, torí iná ni wọ́n ń pè ní l-ʿāfiya níbẹ̀. Àdàpè ni, wọn ò fẹ́ dárúkọ iná fúnra ẹ̀, wọ́n wá fi orúkọ rere pè é, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára.

ìlẹ̀kẹ̀_funfun:

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àlejò ni, kò yẹ ká tún máa lò ó mọ́ nígbà náà. Báyìí la ṣe ń sọ èdè wa nù díẹ̀díẹ̀.

Tíṣà_Gírámà:

Èmi ò fara mọ́ ìyẹn o. Ọ̀rọ̀ tá a yá, tá a fi kí ara wa láàárọ̀ lálẹ́ láti ayébáyé, ó ti di ọmọ ilé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an yá tiwọn. Káwọn Norman tó ṣẹ́gun wọn ní 1066, frith ni wọ́n ń pè é, ẹnu àwọn tó ń sọ Faransé ni píìsì gbà wọlé sí wọn, Faransé náà sì jogún ẹ̀ látinú Látìn, pax. Ẹ wo inú pax yẹn dáadáa: gbòǹgbò ẹ̀ ni kí èèyàn kan nǹkan mọ́lẹ̀ kó dúró gbọn-in, ibẹ̀ náà ni pactum ti jáde, ìyẹn àdéhùn. Píìsì àwọn ará Róòmù, ohun tí wọ́n dè mọ́ra ni, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló mú okùn ẹ̀ dání, wọ́n á ṣẹ́gun ìlú onílùú tán wọ́n á ní àwọn ti mú pax wá síbẹ̀. Wọ́n kọ́ pẹpẹ fún un pàápàá, Ara Pacis, tí wọ́n yà sí mímọ́ lọ́dún 9 kí wọ́n tó bí Jésù, lẹ́yìn tí Augustus, olú ọba wọn, ti Spain àti Gaul darí dé.

Ti Hébérù ni mo fẹ́ràn jù. Shalom, gbòǹgbò ẹ̀ ni kí nǹkan pé, kó má dín níbì kan. Nínú gbòǹgbò yẹn náà ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ fún sísan gbèsè, torí ẹni tó jẹ gbèsè ti mú nǹkan kúrò níbì kan, tó bá san án ibẹ̀ á pé padà. Ọ̀rọ̀ táwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe sísanwó náà, inú pax ni wọ́n ti rí i, kí wọ́n fi tu ẹni tá a jẹ lówó lójú. Èdè méjì tí kò bára wọn tan rárá, ibì kan náà ni wọ́n já sí.

Ẹ tún wo Sámúẹ́lì Kejì orí 11 ẹsẹ 7. Nígbà tí Ùráyà ti ojú ogun dé, Dáfídì bi í léèrè shalom Jóábù, ó bi í ní shalom àwọn èèyàn, ó wá bi í ní shalom ogun. Shalom ogun! Tó bá jẹ́ pé àìsí ìjà ni shalom, kí ni ìbéèrè yẹn fẹ́ jẹ́? Ohun tó ń bi í ni pé ṣé nǹkan ń lọ déédéé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lójú tèmi, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ò jẹ̀bi nígbà tí wọ́n kọ "Ọmọ Aládé Àlàáfíà", torí àlàáfíà tó ní ìlera nínú yìí súnmọ́ shalom ju bó ṣe súnmọ́ pax lọ.

Bọ́lá_tó_ń_kàwé:

Ẹ ṣeun gan-an Tíṣà. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ló wà nínú tiwa? À ń san gbèsè, ara sì ń sàn. Ó jọ pé gbòǹgbò kan náà ni.

Tíṣà_Gírámà:

Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ tẹ́tí sí ohùn ẹ̀. San gbèsè, ohùn àárín ni, kí ara sàn, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Nínú èdè wa ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ nípá, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbẹ̀.

Etí_Òkun:

Ẹ ti gbé Lárúbáwá, ẹ ti gbé Látìn, àǹtí yìí sì bi wá pé kí làwọn baba wa ń sọ, ẹnikẹ́ni ò tíì dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀. Mo bá àwọn tó ń sọ Twi ní Gánà gbé pẹ́. Asomdwoe ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá tú u palẹ̀, aso ni etí, mu ni inú, dwo ni kí nǹkan tutù, kó rọlẹ̀. Inú etí tó tutù! Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tú u fún mi, ṣe ni mo dákẹ́ tí mò ń rò ó. Torí òótọ́ ni, etí ni ìjà kọ́kọ́ ń bá wọlé, èébú ni, òfófó ni, ìbọn ni, ìròyìn ni, tó bá sì parí etí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn Ewe tó múlé gbè wọ́n ní ŋutifafa, ara títutù. Ẹ wá wo ìtura tiwa, tù àti ara ló wà níbẹ̀, ara tù mí, ara tù wá. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí ti Ewe rárá.

A tún ní ìfọ̀kànbalẹ̀, ọkàn tó ń fò kiri wá bà sílẹ̀ bí ẹyẹ. Ìyẹn tinú ẹni ni. Fún ti àárín èèyàn àti ti ìlú, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ látàárọ̀ ni TÒRÒ.

Ẹ bu omi odò tó ti rú sínú abọ́ funfun kan, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ ò ní rí ìsàlẹ̀ abọ́ yẹn rárá. Tó bá ṣe díẹ̀ ẹrẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀, òkè á kọ́kọ́ mọ́ bí ìka kan, lẹ́yìn náà á tó ìka méjì, díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ìsàlẹ̀ kedere pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní. Omi ti tòrò nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn náà la fi ń sọ ti ìlú, ìlú tòrò, ìlú ò tòrò, kí ilé tòrò. Tí kò bá tòrò, a ní ìlú ti dàrú, a ní rúkèrúdò, rú náà ni, omi náà ni. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kò purọ́. Ẹrẹ̀ ò kúrò nínú abọ́, ó ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rú u ni. Ìjà ọdún mẹ́rin ò lè pòórá lọ́jọ́ kan, àmọ́ ó lè tòrò.

ọmọ_álífà:

Ọlọ́run á bù kún ọgbọ́n yín. Tòrò! Ẹnu mi ni mò ń fi sọ ọ́ lójoojúmọ́, mi ò ronú omi rí.

Yínká_Èdè:

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Ní Jámánì, Frieden ni, òun àti Freund, ìyẹn ọ̀rẹ́, pẹ̀lú frei, ìyẹn ẹni tó wà lómìnira, inú gbòǹgbò kan náà tó jẹ́ ti ìfẹ́ ni wọ́n ti wá. Frith tí Tíṣà dárúkọ, ẹbí ẹ̀ ni. Tó bá kan tiwa, a ní ọ̀rẹ́, a ní ìrẹ́pọ̀, a ní "wọ́n rẹ́" àti "wọn ò rẹ́ mọ́". Tó bá jẹ́ èmi ló ń túmọ̀ fún ọmọ yẹn, "ó fẹ́ kẹ́ ẹ rẹ́ padà" ni mo máa sọ.

Àwọn Rọ́ṣíà ní mir. Píìsì ni, ayé náà ni! Wọ́n máa ń fi lẹ́tà "i" méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ ọ́ kí wọ́n lè mọ èwo lèwo, ìgbà tí wọ́n tún àkọtọ́ ṣe ní 1918 ni méjèèjì di bákan náà. Ní ayé Soviet wọ́n máa ń kọ "Miru mir" gàdàgbà sára ògiri, "kí ayé ní píìsì", ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ibùdó ìwádìí tí wọ́n gbé sójú sánmà ní 1986, Mir náà ni wọ́n sọ ọ́, títí tó fi já wálẹ̀ ní 2001.

Ní Ṣáínà, hépíng. Hé ni ìrẹ́pọ̀, píng ni kí nǹkan tẹ́jú. Àwọn ará Jàpáànù mú àmì méjì yẹn náà, wọ́n yí i po, píng ló ṣáájú lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n ń pè é ní heiwa. Kòríà tẹ̀ lé Jàpáànù, Vietnam tẹ̀ lé Ṣáínà. Àmì hé yẹn sì dára wò, ọkà lápá òsì, ẹnu lápá ọ̀tún, ìyẹn ni pé nígbà tí oúnjẹ bá wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ni ìjà tó tán.

mo_gbọ́_Ṣáínísì:

Ẹ̀gbọ́n Yínká, gbogbo ìyókù dáa, àmọ́ ti ọkà àti ẹnu yẹn ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Àmì ọkà yẹn, hé náà ni wọ́n ń pè é tó bá dá dúró, torí bó ṣe ń dún ni wọ́n ṣe mú un síbẹ̀. Ti ẹnu ló ń sọ ìtumọ̀, ìyẹn sì jẹ́ ti ohùn, kí ohùn wọnú ohùn bíi ti orin. Èmi gbà pé ti ohùn yẹn dùn ju ti oúnjẹ lọ pàápàá, ohùn méjì lè má jọra síbẹ̀ kí wọ́n bára mu.

Bọ́lá_tó_ń_kàwé:

Tó bá jẹ́ ti àmì ni, ẹ wo ti Íjíbítì àtijọ́. Hotep, tó wà nínú orúkọ Amenhotep. Ohun tí wọ́n ń yà fún un ni búrẹ́dì kan lórí ẹní, ìyẹn ohun tí wọ́n gbé síwájú òrìṣà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìtẹ́lọ́rùn, òun náà ni píìsì, òun náà ni ọrẹ. Amenhotep, ìyẹn ni pé Amun, òrìṣà wọn kan, ti tẹ́ lọ́rùn, inú ẹ̀ ti rọ̀. Mo rántí ètùtù tiwa nígbà tí mo rí i, Tíṣà, ohùn ti ibí yìí ńkọ́?

Tíṣà_Gírámà:

Ibí yìí, mo gbà fún ẹ.

ògbufọ̀_ogún_ọdún:

Àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́, iṣẹ́ yìí ni mò ń jẹ, mo sì mọ bó ṣe ń rí lára kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì bàjẹ́ lẹ́nu ẹni. Ohun tí mo kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ bíi píìsì, kí ẹ má túmọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bi onítọ̀hún pé kí ló fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ṣé ó fẹ́ tọrọ àforíjì? Ṣé ó fẹ́ kí wọ́n yé bú òun? Ṣé ó fẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀? Mẹ́ta ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwọn Zulu ní ukuthula, kí ibi gbogbo pa rọ́rọ́, wọ́n tún ní uxolo, èyí tó jẹ́ píìsì tó tún jẹ́ "ẹ dárí jì mí". Ẹni tó ń sọ Zulu á ti yan èyí tó fẹ́ kó tó lanu, Gẹ̀ẹ́sì ò bi ọmọ yẹn kó yan nǹkan kan, torí náà ọwọ́ ẹ̀yin lẹrù yẹn já lé.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní 1889, Menelik Kejì ti Etiópíà àti ìjọba Ítálì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìrẹ́pọ̀ ní Wuchale, wọ́n kọ ọ́ ní Amharic, wọ́n kọ ọ́ ní Ítálì. Nínú ìpín 17, èyí tó wà ní Amharic sọ pé Menelik LÈ gba ọ̀dọ̀ Ítálì bá ìjọba ilẹ̀ míì sọ̀rọ̀ tó bá wù ú. Èyí tó wà ní Ítálì sọ pé ó GBỌ́DỌ̀ gba ọ̀dọ̀ wọn, Ítálì bá ń kéde fáyé pé abẹ́ àwọn ni Etiópíà wà. Menelik kọ̀ ọ́. Ó di ogun, wọ́n pàdé ní Adwa lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta 1896, wọ́n sì ṣẹ́gun Ítálì níbẹ̀. Ìwé ìrẹ́pọ̀ ló bí gbogbo ìyẹn.

Ti pé Màmá gbọ́ àlàáfíà sí ìlera, ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́ mọ́. Àwọn Wolof máa ń bi ara wọn pé "jàmm nga am?", ṣé o ní píìsì, ìdáhùn ẹ̀ ni "jàmm rekk", píìsì nìkan ni. Àwọn Sòmálì ní "ma nabad baa?", ṣé píìsì ni. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ogun níbẹ̀, ara èèyàn àti ilé ẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ sì ronú sí ohun kan: ọdún mẹ́rin tí wọn ò fi sọ̀rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Màmá ni "ṣé ara ẹ̀ ò yá ni?" Ṣé ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí nìyẹn?

Àbẹ̀kẹ́_Ògbufọ̀:

Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ fún un. Mo kàn ní Màmá ò gbọ́ ọ yé ni. Ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín yìí ni mo pè é, mo tú u fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí Màmá ṣe sọ ọ́, láti orí yéè dé orí ìgbà wo. Kò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú kan, ó wá ní ká pe Màmá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́tẹ̀ yìí mi ò jẹ́ kó mú bébà. Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tẹ́ ẹ kọ yẹn, ó ní ti ìkẹta ni, àmọ́ òun mọ̀ pé kò lè rí bíi ti tẹ́lẹ̀ pátápátá. Mo wá sọ fún Màmá pé "Ó ní kí ọ̀rọ̀ tòrò láàárín ẹ̀yin méjèèjì, kẹ́ ẹ rẹ́ padà." Màmá ní "Hẹn-ẹn." Wọ́n tún ṣe díẹ̀, wọ́n ní "Sọ fún un kó máa pè mí fúnra ẹ̀. Kò gbọ́ èdè mi, èmi náà ò gbọ́ tiẹ̀, kó ṣáà máa pè." Látìgbà yẹn ó ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì láìsí èmi níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ.

Ẹ ṣeun gbogbo yín, ẹ ò ní ṣòfò ọ̀rọ̀. Ó kù kan. Ọmọ yẹn bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Màmá yẹn, tòrò, kí ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo ti sọ ti omi àti ti abọ́ fún un ó yé e, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ kó lè kọ ọ́ síbì kan. Àtìrọ̀lẹ́ àná ni mo ti ń wá a. Tẹ́nikẹ́ni bá ní i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ síbí fún mi.